Ìlà Méje Ara Èèkù

Velda Sklenar ti ra ìbọn àtijọ́ tó pọ̀ láyé rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó gba oorun lójú rẹ̀ bí èyí tó rà lọ́jà ìbọn àtijọ́ ní Grand Island lọ́dún kan. Opó ni, ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ó sì ń dá gbé lórí oko bàbá rẹ̀ lẹ́yìn ìlú Hastings, ní Nẹbráskà. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń to àwo olódòdó sínú kọ́bọ́ọ̀dù, ìbọn lòun ń tò. Kì í ṣe pé ó fẹ́ràn àtimáa yìn ín kiri. Ohun tó ń gbádùn ni kó máa wá ọwọ́ tí ìbọn ti là kọjá: ta ló kọ́kọ́ rà á, ta ló jogún rẹ̀, ta ló fi ta tẹ́tẹ́ lọ́jọ́ tí orí kò bá a ṣe é. "Ìbọn àti ọmọ, ọ̀kan náà ni," ni ó máa ń wí. "Ó yẹ kéèyàn mọ ilé tó ti jáde."

Ìbọn ìléwọ́ olóta mẹ́fà ni èyí tí à ń sọ yìí, irú èyí tí àgbá kékeré ikùn rẹ̀ máa ń yí bí wọ́n bá ti ń yìn ín. Ohun dídán tí wọ́n fi bò ó lára ti họ dànù. Igi dúdú líle ni wọ́n fi ṣe èèkù rẹ̀, igun ìsàlẹ̀ èèkù náà sì ti kán díẹ̀ bí eyín iwájú ọmọdé. Lára èèkù yìí kan náà ni ẹnìkan ti fi ọ̀bẹ bu ìlà méje. Mẹ́fà dúró gbọnrangandan. Ìkeje wọ́ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni tó mutí yó.

"Ẹ wo ìlà yẹn, màdáàmù," ni ọkùnrin tó ń tà á wí, ó rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni ń sọ ọ̀rọ̀ awo. "Lafe Quillan ló ni ín, olè tó máa ń dá ọkọ̀ ojú irin lọ́nà. Èèyàn méje ló fi rán sọ́run, ó sì bu ìlà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn."

Velda kò gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́, nítorí kò sí ìbọn tí wọ́n ń tà lọ́jà yẹn tí kò pa èèyàn lẹ́nu ẹni tó ń tà á. Ṣùgbọ́n ìlà keje yẹn mú un lójú. Ta ló máa farabalẹ̀ bu ìlà mẹ́fà tó dára báyẹn, kó wá bu ìkeje bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀ lẹ́yìn? Ó sanwó, ó fi ìbọn náà sínú àpò.

Bó ṣe yíjú padà báyìí, Gaylord Pruitt ló rí tó ń sáré bọ̀, ó di ife kọfí mú, kọfí ń ta sí i lọ́wọ́. Ọ̀rẹ́ àtọdúnmọ́dún ni Gaylord. Ọkùnrin gíga oníkùn ńlá tó ti ń sún mọ́ àádọ́rin ọdún ni, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kó máa ra ìbọn àtijọ́ kó máa tà á fún àwọn olówó.

"Velda, má sọ fún mi pé o ti rà á."

"Mo ti rà á."

"Kọfí ni mo lọ rà o! Kọfí lásán ni mo lọ rà!"

"Ó dáa náà. Máa mu ún kó má baà tutù."

Gaylord mí kanlẹ̀. "Obìnrin yìí, ọwọ́ ẹ yá ju ti olè lọ. Ọ̀gá kan wà ní Denver tó ń kó ìbọn àwọn jàǹdùkú jọ. Mo ti pè é! Mo ti sọ fún un pé ìbọn Lafe Quillan ti délẹ̀!"

"O pè é kó o tó rà á?"

"Inú mi ló dùn jù."

"Padà pè é, kó o sọ fún un pé inú ẹ ló dùn jù."

Gaylord kò pè é padà. Ẹ̀bẹ̀ ló ń bẹ Velda títí wọ́n fi dé ibi tí wọ́n gbé ọkọ̀ sí. Ó ní kó ṣáà fọwọ́ síwèé kan ṣoṣo pé Quillan ló ni ìbọn náà, kí àwọn méjèèjì pín èrè. Velda ní ọwọ́ òun kò ní kọ ohun tí ojú òun kò rí. "Jẹ́ kí n wádìí rẹ̀ ná," ni ó wí. "Bó bá jẹ́ ti Quillan lóòótọ́, màá fọwọ́ sí i."

Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì ìdáná, ó sì tú ìbọn náà palẹ̀. Nọ́ńbà tí wọ́n lù sí ikùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ kọ, ó fi ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ tó rọ ọ́, pé kí wọ́n bá òun wo ọdún tí wọ́n ṣe é àti ibi tí wọ́n kó o lọ. Lẹ́yìn náà ló tan tọ́ọ̀ṣì, ó sì yọjú wo inú ọ̀pá rẹ̀.

Ó wò ó, ó gbójú kúrò, ó tún wò ó.

Inú ọ̀pá ìbọn bẹ́ẹ̀ kì í dán gbọọrọ. Wọ́n máa ń gbẹ́ ẹ lọ́ bí okùn kí ọta lè máa yí bó ṣe ń jáde. Ìbọn tí wọ́n bá ti yìn púpọ̀, ọta á ti ha ibi tó lọ́ yìí títí yóò fi kú. Ṣùgbọ́n inú èyí mú ṣáṣá, bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e kúrò níwájú alágbẹ̀dẹ. Síbẹ̀, nígbà tí Velda yí tọ́ọ̀ṣì sí ẹnu àgbá ikùn rẹ̀, ó rí i pé iná ẹ̀tù ti jẹ ibẹ̀ jìnnà, irin ibẹ̀ ti di jàgàjàgà. Ìbọn náà ti dún, ó dún, ó dún títí. Ọta ni kò sí níbẹ̀.

Ara Velda kò gba ìjókòó mọ́. Ó dìde, ó yí tábìlì po, ó tún jókòó. Ó pe Gaylord.

"Gaylord, ìbọn yìí ti dún tó ẹgbẹ̀rún ìgbà, ọta tó gba inú rẹ̀ jáde kò sì tó nǹkan."

"Kí lo wá ń wí? Pé ariwo ló fi pa wọ́n?"

"Mi ò mọ̀ o. Mò ń sọ ohun tí mo rí fún ẹ ni."

"Ọ̀gá Denver kò ra ariwo o, Velda."

Èsì ilé-iṣẹ́ ìbọn dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ìgbà tí Velda kà á tán, ó pariwo débi pé ajá rẹ̀ sá sábẹ́ àga. Ilé-ìtajà irin kan ní Hastings níbí ni wọ́n kó ìbọn náà wá láyé ọjọ́un! Gbogbo ibi tó bá ti rìn, ẹ̀yìn ilé òun náà ló ti gbéra. Ohun kejì tún wà níbẹ̀: nígbà tí Velda fi ọdún inú rẹ̀ wé ohun tí ìwé ìtàn wí, ó rí i pé wọ́n ti so Lafe Quillan kọ́ ní Tẹ́sáàsì nígbà tó ku ọdún mẹ́jọ kí wọ́n tó rọ ìbọn yìí.

"Bóyá àbúrò rẹ̀ ni," ni Gaylord wí lórí fóònù.

"Àbúrò wo?"

"Olè kì í láàbúrò ni? Velda, ìlà méje ni ìlà méje. Bí kì í bá ṣe Quillan, wá apànìyàn míì fún mi. Mi ò ṣe ojúsàájú."

Ọjọ́ yẹn gan-an ni Velda ṣe ohun tó yẹ kó ti ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó tú ìdè èèkù, igi méjèèjì sì ṣí sílẹ̀. Ìdọ̀tí ọdúnmọ́dún bo inú wọn. Ó fi òwú àti òróró nù ún díẹ̀díẹ̀, ojú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan igi náà, lẹ́tà sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ bí oòrùn òwúrọ̀. Ẹnìkan ti fi ṣóńṣó ìṣó kọ ọ́ síbẹ̀: L. DUSEK, VLASTA.

Vlasta! Velda mọ̀ ọ́n. Abúlé àwọn ará Ṣẹ́ẹ̀kì ni, àwọn tí àwọn baba wọn wá láti ilẹ̀ Yúróòpù láti wá dáko àgbàdo. Kò jìnnà. Ìdí tábìlì ló wà tó ti ń wá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀.

Gaylord ní dandan, òun á tẹ̀ lé e. Bí wọ́n ṣe ń lọ láàárín oko àgbàdo tó ti pọ́n kalẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, ẹnu rẹ̀ kò dákẹ́. Ó ní Dusek lè jẹ́ ọlọ́pàá tó ń pa olè. Ó tún lè jẹ́ olè tó ń pa ọlọ́pàá, ìyẹn gan-an lówó lórí jù. Velda ní kó jọ̀ọ́, kó bá òun wo ojú ọ̀nà.

Inú gbọ̀ngàn ìlú Vlasta ni wọ́n ti bá èèyàn. Baba arúgbó kan tó ń tọ́jú gbọ̀ngàn náà, Emil Kotera, ló ń kó kòláàṣì jáde nínú ààrò fún àsè ọjọ́ Sátidé. Búrẹ́dì rírọ̀ tí wọ́n da èso síse sí láàárín ni. Òórùn rẹ̀ gbalé gbòde. Ìyẹ̀fun bo baba náà dé irùngbọ̀n.

"Ẹ káàárọ̀ o, bàbá," ni Velda wí. "Dusek kan là ń bèèrè."

"Dusek wo?" ni Emil dáhùn. "Ìdajì itẹ́ òkú wa, Dusek ni. Ìdajì yòókù fẹ́ Dusek ni."

"Orúkọ ẹ̀ fi L bẹ̀rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó ti ní ìbọn."

"Áà, Ludvik! Alágbẹ̀dẹ ni. Ẹ ò ṣe gbójú sókè?" Ó nawọ́ sí ògiri lókè àga dùùrù.

Fọ́tò ńlá kan ló wà níbẹ̀, ó ti pọ́n bíi tíì. Ọkùnrin onírun-imú ńlá kan dúró lórí àgbá ọtí, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ nà sókè tààrà. Níwájú rẹ̀ ni àwọn ọmọbìnrin tò sí lórí ìlà kan, wọ́n ká yẹ̀rì wọn sókè ìbàdí, gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ síwájú, ojú wọn le koko. Velda gun àga dùùrù láìtọrọ gáfárà. Ó fa awò tó ń sọ nǹkan di ńlá jáde nínú àpò, ó gbé e síwájú ọwọ́ ọkùnrin náà nínú fọ́tò. Ìbọn ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Igun ìsàlẹ̀ èèkù ìbọn náà sì ti kán, bí eyín iwájú ọmọdé.

Igbe tí Velda ké, Emil Kotera ju àwo kòláàṣì sílẹ̀.

"Òun ni! Gaylord, òun ni! Òun gan-an nìyí!"

Gaylord náà yọjú. Ojú rẹ̀ bàjẹ́. "Àwọn ọmọbìnrin wọ̀nyẹn ló pa? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ o! Ọ̀gá Denver kò ní—"

"Eré ni wọ́n fẹ́ sá, ọ̀gbẹ́ni!" ni Emil pariwo, ó ń ṣa kòláàṣì nílẹ̀. "Eré ẹlẹ́sẹ̀! Àwọn ọmọbìnrin Vlasta àti àwọn ọmọbìnrin Corwin, ìlú tó múlé gbè wá, lọ́dọọdún, nígbà àsè ìkórè. Ludvik ló ń yìnbọn tí wọ́n fi ń ṣí."

Velda jókòó sórí àga dùùrù, ó fọwọ́ bo ẹnu. Gbogbo rẹ̀ ṣe kedere sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀tù lásán ni! Ẹ̀tù tí kò ní ọta nínú, tí wọ́n ń yìn sójú ọ̀run lọ́dọọdún, tí wọ́n sì ń fi dánra wò láàárín ọdún. Ìdí nìyẹn tí iná fi jẹ ẹnu àgbá tán, tí inú ọ̀pá sì mú bí ti ọjọ́ tó dáyé. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í pa á, kò sì lè dá a dúró.

"Ìlà méje yẹn wá ńkọ́?" ni Gaylord bèèrè. Kò tíì fẹ́ jáwọ́.

Emil gba ìbọn náà, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó mi orí. "Èyí ṣáájú mi. Ẹ lọ bi Albina Kotrba. Òun nìkan ló kù nínú àwọn tó sá a. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní Corwin ló wà." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ má sọ pé èmi ni mo wí o, ṣùgbọ́n ohun tó ń dun ìyá yẹn jù láyé nìyẹn, pé Corwin ló ti ń darúgbó."

Ó di kòláàṣì tí kò kan ilẹ̀ fún wọn, wọ́n sì gbéra.

Nọ́ọ̀sì kan ló pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà ilé ìtọ́jú náà. Brandi ni orúkọ tó wà láyà rẹ̀, ọmọge eegun gbọọrọ kan tó wọ bàtà rọ́bà. Nígbà tí Velda sọ ohun tó wà nínú àpò rẹ̀, ọmọge náà gbé ọwọ́ méjèèjì sókè.

"Rárá o, màámi. Ìbọn ò gbọdọ̀ wọbí. Bó ti wù kó gbó tó."

"Òótọ́ lo sọ, ọmọ mi. Jẹ́ kí n fi sílẹ̀ nínú ọkọ̀."

Gaylord dúró ti ọkọ̀, Velda nìkan ló wọlé. Ó bá ìyá àgbà náà lẹ́bàá fèrèsé nínú àga onítáyà, ó fi ṣáàlì bo ẹsẹ̀. Ó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, ojú rẹ̀ sì ti ṣú, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ gbọ́ ìró ẹsẹ̀ àlejò láti ẹnu ọ̀nà.

"Ta nìyẹn? Ìrìn ẹ kì í ṣe ìrìn nọ́ọ̀sì."

"Velda Sklenar lorúkọ mi, ìyá. Láti Hastings ni mo ti wá. Ìbọn kan ni mo rà, mo sì ń wá àwọn tó ti ni ín. Orúkọ Ludvik Dusek ló wà nínú rẹ̀."

Ìyá náà na ọwọ́ rẹ̀ jáde lábẹ́ ṣáàlì.

"Èèkù rẹ̀ kán ńbì kan?"

"Ó kán, mà. Ní ìsàlẹ̀."

"Ibo ló wà?"

"Inú ọkọ̀ mi níta. Wọ́n ò jẹ́ kí n gbé e wọlé."

"Kí la wá ń ṣe nínú ilé?" ni Albina Kotrba wí. "Brandi! Brandi! Wá tì mí jáde, atẹ́gùn ń wù mí!"

Wọ́n tì í jáde sínú oòrùn. Velda ṣí àgbá ìbọn náà sílẹ̀, ó jẹ́ kí Brandi fi ojú ara rẹ̀ rí i pé kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀, kó tó gbé e lé ìyá náà lórí itan. Albina kò wò ó. Àtàǹpàkò rẹ̀ ló gbé lé èèkù, ó ń fà á lọ díẹ̀díẹ̀ lórí ìlà wọ̀nyẹn bí ẹni ń ka irúgbìn.

"Bozena rèé," ni ó wí. "Bozena náà tún nìyí, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn bíi ti ẹṣin. Ìyá mi nìyí. Àwọn ìbejì ilé Vrana, ọdún méjì tẹ̀ léra, a ò mọ èyí tó gbà á nínú wọn títí dòní, àwọn náà ò sì sọ. Filomena nìyí, ó fẹ́ ọmọ Corwin lẹ́yìn náà, a dárí jì í." Àtàǹpàkò rẹ̀ dé orí ìlà tó wọ́, ó dúró níbẹ̀. "Èyí ni tèmi."

Velda kúnlẹ̀ sórí kọnkéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga náà. "Ẹ sọ fún mi, ìyá. Ẹ jọ̀ọ́."

"Kí ni mo fẹ́ sọ? Àwọn ọmọ Corwin lówó lọ́wọ́. Wọ́n ní bàtà eré, wọ́n ní tíṣà tó ń kọ́ wọn. Bí àwa bá sọ̀rọ̀, wọ́n á máa sín wa jẹ, wọ́n á ní ọ̀dùnkún gbígbóná ló wà lẹ́nu wa. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń nà wá. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí ọmọ Vlasta bá ṣíwájú, Ludvik á fa ọ̀bẹ yọ níwájú gbogbo èèyàn, á bu ìlà kan. Ní gbogbo ọdún tí wọ́n fi sá eré yẹn, ìlà méje ló wọlé."

"Ludvik náà ló bu tiyín?"

"Ludvik ti kú nígbà yẹn. Rozalie ọmọ rẹ̀ ló gba ìbọn. Obìnrin bí àkànpọ̀ irin ni, òun ló ń bá wa kan bàtà ẹṣin. Ọdún kejì tí Ogun Àgbáyé Kejì parí ni. Mo ti fún wàrà màlúù láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ẹsẹ̀ lásán ni mo fi sá a, ìgbẹ́ màlúù ṣì wà ní gìgísẹ̀ mi. Ọmọ Corwin kan wà, Harriet, kò sẹ́ni tó nà án rí. Ó wà níwájú mi, ó wà níwájú mi, mò ń gbọ́ èémí ẹ̀. Mo ní nínú mi pé, Harriet, lónìí, ọ̀dùnkún gbígbóná á lé ẹ bá." Ohùn rẹ̀ ti ga sí i, èjìká rẹ̀ ń mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Àyà ni mo fi ṣáájú ẹ̀! Àyà báyìí! Rozalie fò sókè lórí àgbá ọtí, àgbá fọ́ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ó bọ́ sílẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Ibi tó ti ń bu ìlà mi lọ́wọ́ rẹ̀ ti yẹ̀. Ó ní, 'Albina, mo ti ba tìẹ jẹ́.' Mo ní, fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe sáré ọ̀hún náà, kò tọ́, ṣùgbọ́n mo débẹ̀."

Omi ti ń dà lójú Velda, ẹnu rẹ̀ sì ń rẹ́rìn-ín. Láti ọdún tó ti ń wá àwọn tó ni ìbọn, orí sàréè ló máa ń bá wọn. Kò tíì bá ọ̀kan tó ń mí rí, áńbọ̀sì èyí tó ń sáré lórí àga onítáyà.

Ó bèèrè bí ìbọn náà ṣe jáde ní Vlasta. Albina yọ ṣùtì. Ó ní wọ́n ti ilé-ìwé Vlasta pa, eré parí. Nígbà tí Rozalie kú, ọmọ àbúrò rẹ̀ kan fi ìbọn náà gba táyà méjì lọ́wọ́ ọlọ́jà kan tó ń kọjá lọ.

"Ibẹ̀ ló ti di apànìyàn nìyẹn," ni Velda wí.

Gbogbo ìgbà yìí, Gaylord fara ti ọkọ̀, ó ti ṣí fìlà rẹ̀, ó di í mọ́ àyà. Fóònù rẹ̀ dún. Ó wo ojú rẹ̀: ọ̀gá Denver ni. Velda rò pé yóò pa á ni, ṣùgbọ́n ó gbé e.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà! Bẹ́ẹ̀ ni, a ti rí òótọ́ rẹ̀. Rárá, kì í ṣe Quillan. Ó dára ju Quillan lọ! Ọmọbìnrin ni wọ́n, sà, méje... Rárá, sà! Wọn ò pa wọ́n! Eré ni wọ́n sá! Ọ̀kan lára wọn ló jókòó síwájú mi níbí, ẹsẹ̀ lásán ló... Hàló? Sà?" Ó wo fóònù náà. "Ó ti gé e."

"Pẹ̀lẹ́ o, Gaylord," ni Velda wí.

"Pẹ̀lẹ́ kí ni?" Ojú rẹ̀ pọ́n, ó ń tàn. "Kò gbọ́ ìtàn náà dé ibi àyà! Ìyá, ẹ tún sọ ibi tẹ́ ẹ ti fi àyà ṣáájú ẹ̀."

Albina ti gbé ojú rẹ̀ tó ṣú sí Velda. "Ọmọ mi, ṣé ó ṣì ń dún?"

Velda máa ń di ẹ̀tù fúnra rẹ̀, ó sì ti kó mélòó kan tí kò ní ọta sínú ọkọ̀ láti ilé, torí ó ti fẹ́ dán an wò láti ìgbà tó ti rí inú ọ̀pá náà. Ó wo Brandi. Brandi bojú wẹ̀yìn, ó wo fèrèsé, ó wá fa fóònù yọ.

"Bàbá mi ló ni oko òdìkejì yẹn," ni ó wí. "Wọ́n ti kórè ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n bi wọ́n."

Bàbá rẹ̀ ní kò burú, bó bá ṣáà ti jẹ́ ojú ọ̀run ni wọ́n máa yìn ín sí. Wọ́n ti Albina sọdá títì lọ sí orí ilẹ̀ gbígbẹ náà, àga ń ta pọ́ńpọ́ń lórí pòròpórò àgbàdo. Nọ́ọ̀sì kejì tí iṣẹ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, Kaylee ọmọ Corwin, sáré tẹ̀ lé wọn láti wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Nígbà tí Albina gbọ́ pé ọmọ Corwin ni, ó gbé ara rẹ̀ sókè nínú àga.

"Ìwọ ńkọ́, Brandi? Ọmọ ibo ni ọ́?"

"Ìyá ìyá mi, Vlasta ni wọ́n ti bí wọn, màámi."

"Ó ti tó. Ẹ lọ dúró síbẹ̀ yẹn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ kan òpó wáyà yẹn ló gbà á."

Kaylee bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó tún okùn bàtà rẹ̀ so. Gaylord náà bọ́ jákẹ́ẹ̀tì, ó lọ dúró láàárín wọn.

"Gaylord, oókan àyà ẹ!" ni Velda kígbe.

"Oókan àyà mi ló ní kí n sá a!"

Velda fi ẹ̀tù kan sínú àgbá. Ó gbé ìbọn náà lé Albina lọ́wọ́, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbá ọwọ́ ìyá náà mú lábẹ́, àwọn méjèèjì sì nà án sójú ọ̀run. Albina kígbe ọ̀rọ̀ kan ní èdè àwọn baba rẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ìtumọ̀ rẹ̀, síbẹ̀ gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ síwájú.

Gbòà!

Èéfín funfun bò wọ́n. Ẹyẹ tú yáà lórí oko. Nígbà tí èéfín ṣí, àwọn ọmọge méjèèjì ti ń fò lórí pòròpórò bí àgbọ̀nrín, Gaylord sì ti na gbalaja sílẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń ké pé kí ẹnìkan wá gbé òun.

"Ta ló wà níwájú?" ni Albina ń pariwo. "Sọ fún mi! Ta ló wà níwájú?"

"Brandi... rárá, Kaylee... wọ́n dọ́gba... ó ti kan òpó! Kaylee ni, ìyá."

"Ọmọ Corwin?"

"Ọmọ Corwin ni."

Albina Kotrba ń mí gúlegúle, òórùn ẹ̀tù ń lọ sínú ihò imú rẹ̀. Lẹ́yìn títì, àwọn arúgbó yòókù ti kún ojú fèrèsé ilé ìtọ́jú náà, wọ́n ń fi ọwọ́ lu gíláàsì. Ó wá na ìbọn náà sí Velda, ojú rẹ̀ le koko.

"Ki òmíràn sí i," ni ó wí. "Kí Brandi bọ́ bàtà."